Alẹ́ Kan Níbi Eré Ẹlẹ́fẹ̀ ní Bàrígà

Ẹni tí ó bá ń ti ìhà Ìkòròdú bọ̀ wá sí Èkó lójú ọ̀nà ńlá, bí ó bá dé Onípáànù tí ó sì yà sí apá òsì, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ ìró tí a fi ń mọ Ṣómólú. Ìró ìlù kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Nínú iyàrá ìsàlẹ̀, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ, ẹ̀rọ Heidelberg tí wọ́n kó ti Jámánì wá ń ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹnì kan ń po yíǹkì, èkejì ń gé bébà, ẹ̀kẹta ń di ìwé pọ̀, ọmọ iṣẹ́ sì ru ìdì bébà lé orí, ó ń sáré gba àárín àwọn kẹ̀kẹ́ márúwá kọjá. Ó ṣòro kí a rí agbo ilé kan ní Èkó tí kò ní ohun kan tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú: kàlẹ́ńdà ara ògiri, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ọwọ́ Ṣómólú ni gbogbo wọn ń gbà kọjá kí àlejò tó pé.

Láti Ṣómólú dé Bàrígà kò ju ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn lọ. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tirẹ̀ sílẹ̀ fún Bàrígà ní ọdún 2003. Bí a ti ń lọ, ilé ń fún mọ́ ilé, gọ́tà ń sún mọ́ ẹsẹ̀ ilé, ọ̀rọ̀ kan tí a fi ọ̀dà kọ sì ń tún ara rẹ̀ sọ lára ògiri lọ́tùn-ún lósì: Ilé yìí kì í ṣe títà. Àlejò lè rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé Èkó pẹ́ mọ ohun tí ó fà á. Àwọn gbájú-ẹ̀ ti ta ilé onílé nígbà tí olówó rẹ̀ wà lájò. Ọmọ bàbá kan náà ti gba owó lọ́wọ́ ẹni méjì lórí ilé kan ṣoṣo. Ní ọdún 2016 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin láti dáàbò bo ilé àti ilẹ̀, tí ó sì ka irú títà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tí a lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀, ọ̀dà kò tíì kúrò lára ògiri.

Bàrígà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a kàn sáré kọjá. Níbẹ̀ ni CMS Grammar School wà, iléèwé tí Thomas Babington Macaulay jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní ọdún 1859, tí ó sì ṣí wá sí Bàrígà ní ọdún 1959, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé. Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akọ́kà, ìtòsí ibẹ̀. Bí a bá sì rìn dé ìpẹ̀kun ìlú, a ó bá ọ̀sà pàdé. Àwọn Ìlàjẹ ń yan ẹja níbẹ̀, àwọn tí ń wa yanrìn ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi wọn, Afárá Kẹta, tí a ṣí parí ní ọdún 1990, sì nà gbọọrọ lórí omi níwájú wọn bí ẹni pé kò mọ̀ pé ìlú kan wà ní ẹ̀bá òun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń gba orí afárá yìí lójoojúmọ́ tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Bàrígà rí. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ nípa rẹ̀ kò ju ìjà àwọn ọmọ ìta lọ.

Ohun tí wọn kò gbọ́ ni pé ibẹ̀ jẹ́ ibi tí àwọn òṣèré ti ń hù bí ewé. Láti ọdún 1996 ni Ṣẹ́gun Adéfilà ti dá ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa sílẹ̀, Bàrígà sì ni ó fi ṣe ilé. Níbẹ̀ náà ni Ṣeun Awóbàjò ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó, ìlù àti eré nínú ẹgbẹ́ Footprints of David. Àwọn akọrin tí orúkọ wọn kan gbogbo ayé, irú 9ice àti Olamide, ọmọ Bàrígà ni wọn. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí iléèwé wà ní ìsinmi, ẹ ó rí ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ó ń fi ara ṣe ohun tí àgbà kò lè ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní Bàrígà kò ní òṣèré, irọ́ ni ó pa.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí a rí ìwé ìkéde eré ẹlẹ́fẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Bàrígà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní agogo márùn-ún, tí wọ́n sì ní kí olúkúlùkù kó ẹbí rẹ̀ wá. A kì yóò dárúkọ ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a kì yóò dárúkọ gbọ̀ngàn náà. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn tí a dárúkọ lókè yìí. Àwọn òṣèré láti ibi púpọ̀ ni a ṣà jọ fún alẹ́ kan péré. A kò kọ̀wé yìí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ohun tí a rí níbẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀, kò sì yẹ kí a dákẹ́ nípa rẹ̀.

Agogo márùn-ún kọjá, agogo mẹ́fà kọjá. Àwọn ìyá ti na ọmọ wọn sẹ́sẹ̀, omi inú ike ti tán, wọ́n ṣì ń so wáyà mọ́ wáyà lórí ìtàgé. Ó kù díẹ̀ kí agogo méje ààbọ̀ lù kí iná ìtàgé tó tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tàn, ẹ̀yin ará, a gbàgbé ìdúró wa. Bàbá onílé kan ni ó kọ́kọ́ jáde, òun nìkan, pẹ̀lú àkísà tútù lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ògiri ilé rẹ̀: Ilé yìí kì í ṣe títà. Bí ó ti ń nù ún ni ó ń kí àwọn tí ń kọjá, tí ó ń fi ẹ̀yìn bo ibi tí ó ti nù. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tí gbogbo gbọ̀ngàn fi bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ni a mọ ọkùnrin náà. Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀.

Kí ó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti mọ̀ pé ó ti ta ilé náà fún ẹni méjì, àti pé àwọn méjèèjì ti dé láti gba kọ́kọ́rọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ó fi ọ̀kan jókòó sí pálọ̀, ó fi èkejì pamọ́ sí ilé ìdáná, ó ń sáré láàrin wọn, ó ń pe ọ̀kan ní wòlíì, ó ń pe èkejì ní ẹni tí ó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣe ayálégbé ń sọ̀rọ̀ bí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú gan-an, yíǹkì wà ní èékánná rẹ̀, ó sì ń fi owó ilé bẹ̀bẹ̀ di ọ̀la. Lẹ́yìn náà ni opó kan jáde, ẹni tí ó ń gbé iyàrá ẹ̀yìn. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì tún dì í. Kò sọ ohunkóhun. Gbọ̀ngàn tí ó ń pariwo rẹ́rìn-ín dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí a rí i pé owó náà kò pé, àti pé ilé tí ó ń tìtorí rẹ̀ ka owó ti di ti ẹlòmíràn. Àwọn òṣèré mẹ́ta yìí lè dúró lórí ìtàgé ibikíbi ní ayé kí ojú má tì wọ́n.

Ibi tí ó dára dé nìyẹn. Ní àkókò náà ni gbajúmọ̀ kan wọlé, irú àwọn tí ń dẹ́rìn-ín pa ènìyàn lórí fóònù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kankan fún un nínú ilé náà. Kì í ṣe ayálégbé, kì í ṣe olùrà, kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ láti ẹ̀yìn wá. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé òun ni ó ń gba ẹ̀rín, àwọn náà kò dúró mọ́. Ọ̀kan ń ṣe akólòlò, ó sì fi ṣe é títí ọmọ kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi orí pamọ́ sí itan ìyá rẹ̀, nítorí òun náà a máa kólòlò. Ọ̀kan ń sín ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìjẹ̀bú jẹ, ọ̀kan ń bú obìnrin tí ó sanra. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hu, jẹnẹrétọ̀ ń kọ́ ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, orin bẹ́, wọ́n sì jó.

Ní gbogbo àkókò yìí, opó yẹn ṣì wà lórí ìtàgé. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó gbé e ka iwájú, ó dúró ní igun kan ń retí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. A kà á ní ojú agogo: ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò jáde, kò sì ba ìdúró rẹ̀ jẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, láìní ọ̀rọ̀ kan tí a fún un láti sọ. Àwọn olùrà méjèèjì kò pàdé ara wọn rárá. Kò sí ẹni tí ó gba kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹni tí ó mú onílé. Nígbà tí agogo mẹ́wàá kù díẹ̀, gbogbo wọn so ọwọ́ pọ̀, wọ́n tẹríba, ẹni tí ń darí ètò sì ní kí Ọlọ́run sìn wá délé. Ìyá àgbà kan tí ó wà níwájú wa dìde dúró, ó sì béèrè ní ohùn rara pé, “Ìyá tó di ẹrù yẹn ńkọ́?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ìbéèrè ìyá àgbà yẹn ni gbogbo ọ̀ràn náà. Ọ̀pọ̀ ni ó ń rò pé nítorí pé eré jẹ́ ti ẹ̀fẹ̀, kò nílò ìtàn, àti pé bí ẹ̀rín bá ti ń jáde, owó oníwòran ti wọlé fún un. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Clapperton, ará Skọ́tlándì nì, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, àwọn eégún aláré ṣe eré fún un ní ààfin Aláàfin. Eré náà ní ètò, apá kan ń tẹ̀ lé èkejì. Nígbà tí ó kan apá kẹta, ẹni tí ó jáde ni Òyìnbó funfun kan tí òtútù mú, tí kò mọ bí a ti ń rìn, tí ó ń gbá aáṣà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín dójú ikú. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe akólòlò ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, bí kò ṣe àlejò alágbára tí ó jókòó níwájú ọba. Ẹ̀fẹ̀ tí ó gbójú sókè ni.

Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà, tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall ní oṣù Kẹfà ọdún 1944 nígbà tí ó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá, mọ̀ pé oníwòran fẹ́ ijó àti orin. Kò fi wọ́n dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ó fún wọn ní àyè tiwọn: ijó àti orin ìbẹ̀rẹ̀ a máa ṣáájú eré, ti ìparí a máa tẹ̀ lé e, ìtàn a sì dúró láàrin láìsí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí ó kú ní ọdún 2018. Gíláàsì gbàgẹ̀rẹ̀ ojú rẹ̀ àti táì fífẹ̀ ọrùn rẹ̀ a máa pa ọmọdé lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Síbẹ̀ kì í ṣe gíláàsì ni ó gbé eré rẹ̀ ró. Ahun ni ó máa ń ṣe, ahun a sì máa fẹ́ ohun kan. Ohun tí ó fẹ́ yìí ni yóò sọ ọ́ sínú wàhálà, wàhálà ni yóò sì bí ẹ̀rín. Nínú Ọ̀run Móoru, fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1982, ọkùnrin tí ọrọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni ó fi dẹ́rìn-ín pa wá. Bí a bá mú ìbànújẹ́ náà kúrò, ẹ̀rín náà yóò tẹ̀ lé e lọ.

Ohun tí ó ba alẹ́ Bàrígà jẹ́ nìyẹn. Òwú dára, òwú pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ti òfì. A rántí pé ojú àwọn gbajúmọ̀ mẹ́jọ ni ó wà lórí ìwé ìkéde náà, àti orúkọ àwọn tí ń ta ohun mímu, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó kọ eré kò sí níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó kọ ìdajì àkọ́kọ́ mọ̀wé, ó sì mọ Bàrígà. Bóyá àkókò ni wọn kò fún un láti parí rẹ̀, bóyá àwọn òṣèré ni kò fún un ní etí. Lọ́nà méjèèjì, ibi tí kò bá ti sí ẹni tí yóò wí fún gbajúmọ̀ pé, “Jókòó, kò kàn ọ́ nínú ilé yìí,” eré kò lè dúró níbẹ̀.

Kí a má sì fi gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí, ó yẹ kí a wo ohun tí wọ́n ń bá yí. Ilé eré ńlá ìjọba wà ní Ìgànmú láti ọdún 1976, èyí tí a sọ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 2024. Àwọn gbọ̀ngàn eré tí ó gbayì jùlọ lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ìhà Erékùṣù. Ní Bàrígà, gbọ̀ngàn ìnáwó ni òṣèré ń yá, ibi tí a kọ́ fún àpèjẹ, tí ohùn ń ta lu ògiri tí ó sì ń padà wá. Owó gbọ̀ngàn, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ẹ̀rọ ohùn ni a kọ́kọ́ ń san. Ìdánrawò ni a ń gé kúrú, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣe ìdánrawò fún oṣù kan kò ní rí oúnjẹ jẹ ní oṣù náà. Olówó tí ó gbé eré kalẹ̀ ń bẹ̀rù pé gbọ̀ngàn kò ní kún bí kò bá sí gbajúmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù yìí ṣe ń ra ojú tí a mọ̀, tí ó sì ń ta ìtàn tí a kò tíì gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò gba owó. Kí eré bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí a dá kò gba owó. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú. Ìyá tí ó bá jáde ní gbọ̀ngàn ní agogo mẹ́wàá òru pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn lè dúró pẹ́ kí ó tó rí kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e, òkùnkùn Bàrígà kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọ dán wò. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Kí a má fi akólòlò ṣẹ̀sín kò gba owó. Kí a bi ara wa lẹ́yìn ìdánrawò pé, ta ni a fi sílẹ̀ lórí ìtàgé láìní iṣẹ́, èyí náà kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí nínú ilé, ẹ má ṣe sọ pé nítorí èyí ẹ kò ní jáde mọ́, kí ẹ sì jókòó ti fóònù. Bí a bá kẹ̀yìn sí wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ bí a ti ń nu ògiri kí gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín yóò lọ wa yanrìn ní etí ọ̀sà, obìnrin tí ó fi owó kíkà pa igba ènìyàn lẹ́nu mọ́ yóò padà sí ẹ̀yìn àtẹ. Ẹ lọ wò wọ́n. Bí ó bá dára, ẹ pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò. Bí kò bá dára, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ nítorí ojú àánú, nítorí àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ fún olówó eré pé a kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ dúró kí gbọ̀ngàn tó túká, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà nì ti ṣe. Ẹni tí ó bá béèrè ibi tí opó yóò sùn ti fi hàn pé òun gba eré náà gbọ́, kò sì sí ọ̀wọ̀ tí a lè bù fún òṣèré tí ó ju ìyẹn lọ.